Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tí Màmá Kétu Dá Lu

Màmá Kétu kì í kọjá lára irin kí wọ́n má gbá a. Wọ́n á ká ọwọ́ kò, wọ́n á fi oríkèé ìka gbá géètì, gbá òpó iná, gbá ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí sítóòfù, wọ́n á sì dẹ etí sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹni pé irin náà máa fèsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá wo ilé tí bàbá mi kọ́ sí Magodo, àwọn àlejò yòókù ń wo táìlì ilẹ̀, wọ́n ń yin àga. Màmá dúró níwájú fíríìjì ńlá tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọ́n gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mi orí.

Bàbá mi ní, "Màmá, ṣé kò dáa ni?"

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ̀dà ni wọ́n fi bo ìtìjú rẹ̀."

Ìyá bàbá mi ni wọ́n. Sàbítíyù Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ṣùgbọ́n Kétu ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí. Ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n, n kò sì ní jókòó máa ṣírò rẹ̀ nísinsìnyí. Iṣẹ́ wọn ni mo mọ̀, panẹbítà. Mọ́tò tó bá ti forí sọ nǹkan, tí ara rẹ̀ rún bí ìwé, àwọn ni wọ́n ń fi òòlù nà án títí á fi padà sí bó ṣe wà. Ṣẹ́ẹ̀dì wọn wà ní Ìkòsì, níbi tí ọ̀nà ti yà wọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì.

Ọkọ wọn ló kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ náà. Màmá kàn máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá ni. Lọ́jọ́ kan tí ẹni tó ń bá bàbá àgbà ṣiṣẹ́ kò wá, wọ́n ní kí Màmá bá àwọn fi irin wúwo ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mọ́tò kan kí àwọn lè máa lù ú láti iwájú. Màmá tì í. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún tì í. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, Màmá ló ń lù, bàbá àgbà ló ń tì. Nígbà tí ojú bàbá àgbà wá ń ṣú, wọ́n á jókòó sórí táyà, wọ́n á máa fi etí tẹ̀ lé òòlù ìyàwó wọn, wọ́n á ní, "Ibẹ̀ yẹn ṣì wú, Sàbítíyù."

Bàbá àgbà kú. Màmá ṣe opó pé. Ọjọ́ kejì tí wọ́n jáde opó ni wọ́n ṣí ṣẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọkùnrin inú ọgbà wá kí wọn, wọ́n ṣàdúrà. Bí àdúrà ti parí, Alága Súràjù, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn, wo àwọn òòlù tó wà lára ògiri, ó ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ ta àwọn nǹkan wọ̀nyí fún?"

Màmá ní, "Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lò jù mí lọ. Ṣé ó wà níbí?"

Màmá mọ ìjà á jà. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í gbàgbé. Ìyá mi lè jẹ́rìí sí i. Ní ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Magodo, ìyá mi sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò pé ìyá ọkọ òun ń tajà ní Kétu. Ojú ló ń tì í láti sọ pé òòlù ni ìyá ọkọ òun ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá, mi ò mọ ẹni tó gbé e débẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni Màmá fi ń wá sí ilé wa láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Omi nìkan ni wọ́n ń mu. Nígbà tí ìyá mi kúnlẹ̀ níkẹyìn tó ní kí wọ́n foríji òun, wọ́n ní kó dìde. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, tó o bá tún fẹ́ purọ́ nípa mi, fi mí ṣe nǹkan tó le jù báyẹn lọ."

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wá, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó gbé mọ́tò kan tí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà wá. Ó fẹ́ kí Màmá fi àtè dí ihò ìpẹtà náà, kí wọ́n fi ọ̀dà bò ó, nítorí ó fẹ́ tà á lópin ọ̀sẹ̀. Màmá ní àwọn máa gé ibi tó jẹrà kúrò, àwọn á jó irin tuntun mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ní kò sáyè, pé ta ni yóò mọ̀. Màmá nu ọwọ́ wọn, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un. "Ẹni tó máa rà á náà ní ìyá," ni wọ́n wí.

Mo ti pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti tolórí tẹlẹ́mù nígbà náà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wa da iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ń sùn títí di agogo mẹ́wàá nílé, ni bàbá mi bá ní kí n lọ máa ran Màmá lọ́wọ́ ní Kétu. Ìrànlọ́wọ́ tí mo ṣe fún wọn kò tó nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ wọn nínú mọ́tò ni mo sábà máa ń wà.

Mọ́tò náà kéré. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, àwọ̀ rẹ̀ pupa tẹ́lẹ̀, ó ti ń lọ sí àwọ̀ ògiri amọ̀. Jàǹbá ti bà á jẹ́ kí Màmá tó rà á, wọ́n sì nà án fúnra wọn. Ẹ́ńjìnì tirẹ̀ ti kú, wọ́n fi òmíràn sí i, ẹ́ńjìnì tó tóbi ju àyè tí wọ́n ṣe fún un lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá dán, mọ́tò náà á sáré dáadáa. Tó bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ooru á há sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi á hó, èéfín á sì bo gíláàsì iwájú. Wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ fáànù. Ó ṣì ń hó.

Ìdí tó fi ká wọn lára ni àbúrò wọn, Màmá Olówóòra. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá òsì, wọ́n sì ń dá gbé yàrá kan ní Ìṣẹ́rì Olówóòra, nítorí wọ́n kọ̀ láti kó wá sí Kétu. Ìdílé olóríkunkun ni wá. Obìnrin kan ń wá tọ́jú wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni Màmá Kétu fúnra wọn máa ń lọ wẹ̀ wọ́n, wọ́n á fi òrí pa wọ́n lára, wọ́n á sì jọ jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mọ́tò hó lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó kúrò ní Òjòdú. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí a ń retí kó tutù. Ó ti kọjá agogo mẹ́ta ọ̀sán nígbà tí a débẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn ti mọ̀ pé ọjọ́ wa ni, kò wá. Ilẹ̀ la ti bá Màmá Olówóòra. Wọ́n ti já bọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ mú ife omi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wà lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ti tọ̀ sára.

Màmá Kétu gbé wọn. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ wọ́n tán tí wọ́n tẹ́ wọn sí bẹ́ẹ̀dì, Màmá Olówóòra fi ọwọ́ tó ṣì lágbára di ìka ẹ̀gbọ́n wọn mú. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró mọ́tò lóríṣiríṣi. Kò sí tiyín níbẹ̀."

A padà sí Kétu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi pè mí lórí fóònù, mo sì ròyìn fún un. Ó ní kí n fún Màmá ní fóònù. Ó ní òun máa ra mọ́tò tuntun fún wọn, òun á gba dírẹ́bà, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n yé fi òkú mọ́tò yẹn pa ara wọn. Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Múkáílà, o ṣeun. Mọ́tò mi ò kú. Ó ń là á sọ fún mi ni, èmi ni mi ò tíì gbọ́." Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní kí n lọ wá òwú pupa wá.

Òwú tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọdé ni mo rà. Màmá gé e sí gígùn ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi sẹ̀lótéèpù lẹ orí wọn mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, láti iwájú títí dé ẹsẹ̀ gíláàsì, ó lé ní ogójì. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àìkú, nígbà tí títì Ìkòròdú dá, a gbé mọ́tò jáde. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo àwọn òwú náà kí n sì máa yà á sínú ìwé: èwo ló sùn sílẹ̀, èwo ló ń gbọ̀n, èwo ló nà sókè. Màmá ṣàlàyé fún mi pé atẹ́gùn ni òwú náà ń tẹ̀ lé. Níbi tó bá ti nà sókè, atẹ́gùn òde ń fà, ooru máa jáde níbẹ̀ tí a bá ṣí ọ̀nà fún un. Níbi tó bá ti ń tẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn ń tì í ni. Tí a bá dá ihò síbẹ̀, ṣe ni yóò máa ti ooru padà sínú. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ gíláàsì kò fi dára. Nítòsí ẹ̀yìn rédíétọ̀ ni òwú wa ti ń nà sókè.

Ní ibùdókọ̀ Kétu, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ rí obìnrin àgbà tó ń wa mọ́tò tí òwú pupa bò lórí. Ọkùnrin kan ké jáde, "Ẹ wá wò ó o! Ìyá yìí so oògùn mọ́ mọ́tò!" Àwọn kan sún sẹ́yìn. Ojú tì mí, mo fi ìwé bojú.

Màmá dín eré kù. Wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ́n, oògùn ni," ni wọ́n wí. "Oògùn ooru. Ṣé kí n fún ẹ níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ló dé ọ̀dọ̀ Alága Súràjù. Ní ọjọ́ Ajé, ó pe ìpàdé sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ inú ọgbà. Àwọn ọkùnrin bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sórí táyà àti bẹ́ǹṣì. Màmá dúró. Mo dúró lẹ́yìn wọn.

Alága ní, "Màmá, a gbọ́ pé ẹ fẹ́ dá bọ́nẹ́ẹ̀tì lu. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ti nihò, iná ló ń bọ̀ níbẹ̀. Tí mọ́tò bá jóná nínú ọgbà yìí, gbogbo wa la máa jóná. Ẹgbẹ́ ti pinnu pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ máa kúrò ní ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀dì Màmá ló kọjú sí títì, pé àbúrò Alága sì ti ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Màmá bi wọ́n pé, "Ta ló ti dá a rí nínú yín, tó jóná?"

Wọ́n yíjú sí Alága.

"Nígbà náà ẹ̀rù lẹ fi ṣòfin." Wọ́n kọjú sí Alága. "Ẹ gbọ́. Màá gé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ní agogo méjì ọ̀sán, tí oòrùn mú, tí ọ̀nà há, ẹ wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A máa gbéra láti Máìlì Twelve, a máa dé Ọjọ́tà. Tó bá hó, tàbí tó bá gbiná, èmi fúnra mi ni màá fi kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ẹ̀dì lé yín lọ́wọ́."

Ọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tí kò bá wá hó ńkọ́, Màmá?"

Wọ́n ní, "Ẹ ò ní san nǹkan kan. Ẹ máa dákẹ́ ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ni mo máa ń rántí jù. Màmá ti gé páálí sí bí ihò náà ṣe máa rí, mẹ́rin, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì, tóóró gbọọrọ. Wọ́n kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti orí bọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí egungun irin rẹ̀ gbà, nítorí ẹni tó bá gé egungun náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa yọ́ bí ẹ̀kọ. Wọ́n tú u kúrò lára mọ́tò, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n gbé e lé e. Wọ́n wọ̀n ọ́n bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi dírìlì lu igun kọ̀ọ̀kan kí ó má baà máa ya lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgérin, wọ́n ní, "Bísímílláhì."

Iná ta pàrà. Ìgbà tí wọ́n gé ihò kejì dé ìdajì ni bàbá mi wọlé. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, síbẹ̀ ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní báńkì.

"Màmá! Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ti ba mọ́tò jẹ́! Kí lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ?"

Màmá ò gbójú sókè. Páànù tí wọ́n ń gé ti ń já sílẹ̀ lápá kan, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Múkáílà, bá mi di etí irin yẹn mú kó má gbọ̀n."

Mo rò pé bàbá mi máa yí padà. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó di irin náà mú. Iná ń ta sí i lára, ó ń fi ihò tóótòòtó sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn.

"Màmá, ó ń gbóná."

"Irin tí wọ́n bá ń gé máa ń gbóná. Má jọ̀wọ́ ẹ̀."

Kò jọ̀wọ́ ẹ̀. Òun ló fi fáìlì dán etí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ọwọ́ fi lè gbà á kọjá láìgé. Màmá fi òòlù onígi na páànù ilẹ̀kùn àlòkù sí ìbòrí mẹ́rin tó tẹ̀ sẹ́yìn bí ìpẹ́ ẹja, kí òjò má baà já tààrà wọlé. Wọn ò jó o mọ́ ọn, nítorí iná máa ká irin fẹ́lẹ́ kò. Rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó kékeré tí kò fẹ́ iná, ni wọ́n fi kàn án. Wọ́n fi ọ̀dà ìpẹtà ra gbogbo ojú ọgbẹ́ náà. Nígbà tí a gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì padà sórí mọ́tò, bàbá mi dúró, ó ń wò ó, ó ti dọ̀tí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Kò burẹ́wà." Màmá ní, "Èmi ò ṣe é kó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n o ṣeun."

Ní ọjọ́ Ajé, Alága Súràjù wọ agbádá wá bí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Ó jókòó síwájú, mo jókòó sẹ́yìn. Agogo méjì kọjá díẹ̀. Ní Máìlì Twelve, àwọn ọkọ̀ tó ń já tòmátì dí ìdajì ọ̀nà, mọ́tò ò sún. Ooru ọjọ́ náà ń rú látorí ọ̀dà títì. Alága ò wo ọ̀nà rárá. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Èmi náà ń wò ó láti ẹ̀yìn. Ó gòkè dé ìdajì. Ó kọjá ìdajì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mọ́tò ńlá kan, tuntun, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, omi ń tú jáde lára rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n ṣí. Nígbà tí a dé iwájú ọjà, mo rí i tí afẹ́fẹ́ tó wà lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì wa ń gbọ̀n rìrì. Alága náà rí i.

"Iná! Màmá, iná ti dé!" Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá etí agbádá rẹ̀ mú, ọwọ́ òsì ò kúrò lára sítíárìn. "Súràjù, jókòó! Ooru ni. Ó ń jáde ni. Ṣé o ò rí i pé ó ń jáde?"

Ó jókòó. Ọwọ́ kékeré yẹn kọjá ìdajì díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. A dé Kétu, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ṣí díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. A lo wákàtí kan ó lé kí a tó dé Ọjọ́tà.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Alága nu ojú. Ó ní, "Ẹ ti da nǹkan sínú omi rédíétọ̀ yẹn."

Màmá ní kó dúró kó tutù, kó ṣí i fúnra rẹ̀. Ó dúró. Ó ṣí i, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Omi lásán ni. Síbẹ̀ kò gbà. Títí dòní kò tíì fẹnu ara rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀dì parí síbẹ̀, nítorí nígbà tó ní òun ṣì rò pé ó léwu, Màmá kàn wọ mọ́tò, wọ́n ní, "Èmi ò ní kí ẹ gbà. Mo ní kí ẹ jókòó, ẹ sì jókòó."

Kò yẹ kí n jẹ́ kí ẹ rò pé wọn kì í ṣàṣìṣe. Oṣù kan lẹ́yìn náà, òjò ńlá ká wa mọ́ géètì Magodo. Atẹ́gùn gbé òjò náà gba ẹ̀gbẹ́ ìbòrí wọlé, ó rin wáyà ẹ́ńjìnì, mọ́tò kú sójú géètì gan-an. Àwọn mọ́tò ńláńlá tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń fọn fèrè. Ọlọ́dẹ géètì jáde pẹ̀lú agbòjò. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ìyá, ẹ gbé pàǹtí yìí kúrò níbí. Ta ló tiẹ̀ ba mọ́tò yín jẹ́ báyìí?"

"Èmi ni," ni Màmá wí.

Mo fẹ́ pe bàbá mi. Wọ́n ní kí n fi fóònù sápò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, wọ́n tú ìborùn orí wọn, wọ́n ní kí n fi agbòjò ọlọ́dẹ náà bo ẹ́ńjìnì. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ. Wọ́n nu wáyà kọ̀ọ̀kan gbẹ. Ẹ́ńjìnì jí. Nígbà tí a wọlé, tí ìyá mi ń fi tówẹ́lì nu wọ́n lórí, bàbá mi ń bọ̀ wá sọ nǹkan, Màmá sì gbọ́wọ́ sókè kó tó lanu. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ọ̀ṣọ̀rọ̀ kékeré oníálúmíníọ̀mù sábẹ́ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń gbé omi òjò gba ẹ̀gbẹ́ sọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òjò náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Mo ṣì í. Èmi ni mo ṣì í, èmi náà ni màá tún un ṣe."

A kò pẹ́ dé Olówóòra mọ́. Màmá Olówóòra á ti gbọ́ wa láti ìkòríta, wọ́n á ti kọjú sílẹ̀kùn. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí ọjọ́ Ẹtì kan tí a pa jẹ. Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n kú, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n wọn ti wẹ̀ wọ́n tán, tí òrí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Màmá Kétu parí apá tó kù kí wọ́n tó ké sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Apá òsì ni. Kò gbọdọ̀ lọ ní gbígbẹ."

Àìsàn ti Màmá Kétu fúnra wọn wá lẹ́yìn ìyẹn, inú ni. Bàbá mi gbé wọn wá sí Magodo, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn padà sí Kétu. Dókítà ní kò yẹ. Wọ́n ní dókítà lè wá kí àwọn níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, tí wọn ò lè dìde mọ́, èmi ni mo ń fún wọn ní omi. Ìró òòlù ń wá láti òpópónà ẹ̀yìn, ẹnì kan ń na mọ́tò. Wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n pa ojú dé. Wọ́n ní, "Bàráká, tí mo bá kú, wọ́n á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa obìnrin àgbà nìyẹn. Má gbà fún wọn."

Mo ní, "Mi ò ní gbà, Màmá."

Èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. N kò sọ ọ́ fún bàbá mi lẹ́yìn tí wọ́n kú, nítorí a kò tíì lè dárúkọ wọn nínú ilé láìsunkún.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìta ilé ní Kétu kún. Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì wá. Àáfà tí wọ́n pè kò mọ Màmá rí. Ọkùnrin dáadáa ni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ìyá wa yìí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, onísùúrù, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà..."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde.

Bàbá mi ló dìde. Ó dìde níwájú gbogbo àwọn ará báńkì rẹ̀, ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màmá mi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́."

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Láti ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ kánópì àwọn mẹkáníìkì, ohùn kan jáde. Alága Súràjù ni. Ó ní, "Òótọ́ ni!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn míì ń sunkún. Àáfà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu, ó tún gbé e padà. Ó bi bàbá mi pé, "Ó dáa, Ọ̀gá. Kí ni ká wá máa sọ?"

Bàbá mi nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ pé panẹbítà ni wọ́n. Ẹ sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe."